Kí là ń wò lára olùdíje ká tó dìbò fún un?

Ẹ rántí ọdún 2024 ná. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 60 ló dìbò lọ́dún yẹn, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibi tí wọ́n ti dì í lojú àwọn tó wà lórí àléfà ti rí màbo. Ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ Conservative tó ti ń ṣèjọba bọ̀ fún ọdún 14 já wálẹ̀ sí ìjókòó 121, irú ìyà bẹ́ẹ̀ ò jẹ wọ́n rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ANC tó ń ṣèjọba ní South Africa, tí ìbò wọn ò tíì wálẹ̀ ju ìdajì lọ rí látìgbà tí Mandela ti wọlé ní 1994, nǹkan bí 40% ni wọ́n rí gbà. Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, wọlé lóòótọ́, àmọ́ ìjókòó ẹgbẹ́ ẹ̀ ò tó ìdajì mọ́, àfi ìgbà tó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pé kí wọ́n wá ti òun lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Botswana látìgbà tí wọ́n ti gbòmìnira ní 1966, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Jàpáànì, Amẹ́ríkà, ìtàn kan náà ni.

Ẹni tó bá wo gbogbo ẹ̀ pọ̀ á sọ pé ọ̀wọ́ngógó ló fà á, kò sì parọ́, torí lẹ́yìn Kòrónà àti ogun Ukraine, owó ọjà gbówó lórí káàkiri ayé, inú ń bí aráàlú, ẹni tó bá sì wà nítòsí ni wọ́n máa ń nà. Ó dáa. Ṣé ọ̀wọ́ngógó ò wá dé Mexico ni? Ó dé bẹ̀ o! Síbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn náà, Claudia Sheinbaum tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ́wọ́ ló wọlé, ìbò tó gbà sì sún mọ́ 60%. Ìjọba tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ ti ń fi kún owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń san owó fún àwọn àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún un ló gbà pé ti àwọn làwọn yẹn ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí nìkan ni olùdìbò ń wò, ó tún ń wò ó pé ta lẹni yìí ń ṣe tiẹ̀, tí nǹkan bá wá le, ta ló máa fi sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ òṣèlú ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ó ti pẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀yìn ni olùdìbò ń wò, pé ṣé ayé mi dáa ju bó ṣe rí nígbà tí ẹ dé orí oyè lọ? Ronald Reagan ní Amẹ́ríkà ló gbé ìbéèrè yẹn síta jù, níbi díbètì tóun àti Jimmy Carter, ààrẹ tó wà lórí oyè, ṣe ní 28 oṣù kẹwàá ọdún 1980, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní káwọn èèyàn bi ara wọn bóyá nǹkan sàn fún wọn ju ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ìpínlẹ̀ 44 ló gbà mọ́ Carter lọ́wọ́. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, torí kò dìgbà téèyàn bá mọ̀wé kó tó lè dáhùn ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé olùdìbò lè na ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Christopher Achen àti Larry Bartels, sọ pé ní 1916, lẹ́yìn tí ẹja shark pa èèyàn mẹ́rin létí òkun New Jersey, ìbò ààrẹ Woodrow Wilson dín kù láwọn ìlú tó wà létí omi níbẹ̀, bíi pé Wilson ló rán ẹja níṣẹ́. Ìtàn yẹn dùn, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ kiri, àmọ́ àwọn míì tún ìṣirò ẹ̀ ṣe lọ́dún 2018, wọ́n ní ẹ̀rí ẹ̀ ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi kì í yára gba gbogbo ìtàn tó ń fi olùdìbò ṣe òpè. Ẹ sì máa rí i pé àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ kì í ka ara wọn mọ́ àwọn òpè ọ̀hún.

Èyí tó tún le jù tẹja lọ ni ti ojú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní 2005, Alexander Todorov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Princeton kó fótò àwọn tó ti díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà jọ ní méjì méjì, wọ́n fi han àwọn èèyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí, wọ́n ní kí wọ́n sọ èwo nínú méjèèjì ló jọ ẹni tó mọṣẹ́. Wọn ò sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kódà nínú ọ̀kan lára ìdánwò yẹn, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n fi wo fótò náà. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ló wọlé ní nǹkan bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá tó bá jẹ́ ti Sẹ́nétọ̀. Ní 2009, John Antonakis àti Olaf Dalgas gbé irú ẹ̀ lọ bá àwọn ọmọdé ní Switzerland, àwọn míì ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ṣeré ìrìn àjò lójú òkun, lẹ́yìn náà wọ́n kó fótò àwọn tó díje ní ilẹ̀ Faransé ní 2002 síwájú wọn, wọ́n ní ta lẹ máa fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yín? Àwọn ọmọ yìí náà mú ẹni tó wọlé ní bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá. Ọmọ ọdún márùn-ún o!

Ẹ má tíì bọ́hùn ṣá. Ìwádìí tí Gabriel Lenz àti Chappell Lawson ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn tójú ń tàn jù ni àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan nípa òṣèlú tí wọ́n sì ń wo tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ẹni tó bá ti ní nǹkan míì lọ́wọ́ tó lè fi ṣèdájọ́, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mú.

Nǹkan míì wo wá nìyẹn? Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, orúkọ ẹgbẹ́ ni. Geoffrey Cohen ṣe ìdánwò kan tó gbé jáde ní 2003, ó gbé ètò ìrànwọ́ fáwọn aláìní síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lawọ́ gan-an, èkejì háwọ́. Ó wá sọ fáwọn kan pé ẹgbẹ́ Democrat ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó sọ fáwọn míì pé Republican ni. Àwọn tó máa ń pariwo pé kí ìjọba ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ fọwọ́ sí èyí tó háwọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹgbẹ́ tiwọn ló gbé e wá, àwọn tó kórìíra kí ìjọba máa náwó náà fọwọ́ sí èyí tó lawọ́, nítorí kí ni? Nítorí ẹgbẹ́ wọn. Apá tó dùn mí jù ni pé nígbà tó bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́ kí wọ́n mú èyí tí wọ́n mú, wọ́n ní ohun tó wà nínú ètò yẹn làwọn wò, orúkọ ẹgbẹ́ kọ́, àwọn ẹlòmíì ni orúkọ ẹgbẹ́ máa ń tàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ nínú ara ẹ̀ pé kí ló wá kù, ṣé a ò wá mọ nǹkan kan ni. A mọ̀ ọ́n o, bí a bá ń sunkún à ń ríran. Ẹ wo díbètì ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1992 ní Richmond, ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé àwọn aráàlú fúnra wọn ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdíje. Ọrọ̀ ajé ò dáa nígbà yẹn. Obìnrin kan dìde, ó béèrè pé gbèsè tó wà lọ́rùn orílẹ̀-èdè, báwo ló ṣe kan ẹ̀yin alára? George Bush tó wà lórí oyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó èlé, obìnrin yẹn ní rárá, ẹ̀yin, báwo ló ṣe kàn yín, Bush ní ìbéèrè yẹn ò yé òun tó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà kámẹ́rà tún ká a mọ́bi tó ti ń yọjú wo aago ọwọ́ ẹ̀. Bill Clinton ní tiẹ̀ dìde kúrò lórí àga, ó rìn lọ bá obìnrin yẹn, ó ní kó sọ bó ṣe kan òun gan-an, ó wá ń sọ nípa àwọn tóun mọ̀ ní ìpínlẹ̀ òun tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Téèyàn bá yẹ ìdáhùn méjèèjì wò, Clinton ò sọ ètò ọrọ̀ ajé kan tó jinlẹ̀ ju ti Bush lọ, àmọ́ ohun táwọn èèyàn ń wá, wọ́n ti rí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni yìí mọ̀ pé àwọn wà láyé. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ojú ni, pé eré ló ń ṣe. Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ẹni tí ìyà ẹ ò yé kò lè fi ìyà ẹ síwájú nígbà tó bá ń pín owó ìlú, nítorí náà ìbéèrè obìnrin yẹn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú ló wá jẹ́ kó yé mi dáadáa. Ọkùnrin méjì tó di ohun kan náà mú, àmọ́ ibi tó gbé ẹnì kìíní gúnlẹ̀ sí kọ́ ló gbé ẹnì kejì gúnlẹ̀ sí.

Ti àkọ́kọ́ ni Michael Dukakis, gómìnà Massachusetts tó bá Bush yẹn kan náà díje ní 1988. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ìwádìí èrò aráàlú ní òun ló wà níwájú, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá Bush ti yọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bernard Shaw, oníròyìn CNN, bi í níbi díbètì ni pé tí wọ́n bá fipá bá Kitty ìyàwó ẹ lò pọ̀ tí wọ́n sì pa á, ṣé ó máa fẹ́ kí wọ́n pa ẹni tó ṣe é? Ìbéèrè burúkú gbáà. Dukakis ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní rárá, ó ní gbogbo ayé òun lòun fi lòdì sí ìdájọ́ ikú, kò sí ẹ̀rí pé ó ń dá ọ̀daràn dúró, ó wá bọ́ sórí bí ìwà ọ̀daràn ṣe dín kù ní ìpínlẹ̀ òun, lórí oògùn olóró, lórí ìpàdé tóun máa pè. Gbogbo ohun tó sọ ló bára mu. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó fi hàn nínú ohùn ẹ̀ pé orúkọ ìyàwó òun ló gbọ́ yẹn. Ìpínlẹ̀ 40 ló lọ fún Bush.

Èkejì ni François Mitterrand ní ilẹ̀ Faransé. Oṣù kẹta ọdún 1981, ìbò ku díẹ̀, ìdájọ́ ikú ṣì wà lábẹ́ òfin níbẹ̀, ọdún 1977 ni wọ́n lò ó kẹ́yìn, wọ́n ṣì ń fi irin bẹ́ orí èèyàn ni o, gbogbo ìwádìí ló sì ń sọ pé ó ju ìdajì aráàlú lọ tó fẹ́ kó máa bẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní nínú ọkàn òun, òun lòdì sí i, òun ò sì nílò ìwádìí kankan kóun tó mọ̀ pé èrò ọ̀pọ̀ èèyàn yàtọ̀ sí tòun. Ẹ ò rí i, kò bẹ̀ wọ́n, kò yí i. Ní 10 oṣù karùn-ún ó wọlé.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e wọlé o. Àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Faransé ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nígbà yẹn, ọdún méje tí Giscard ti fi ṣe ààrẹ sì ti sú wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbà pẹ̀lú ẹ̀ lórí ikú ló dìbò fún un bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé kò dìgbà tí olùdíje bá fara mọ́ gbogbo ohun tí olùdìbò fẹ́, olùdìbò máa ń lo ohun tí olùdíje sọ láti fi díwọ̀n irú ẹni tó jẹ́. Ara ìdáhùn Dukakis làwọn èèyàn ti rí i bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, ará Faransé sì rí ẹni tí kì í tìtorí ìbò yẹhùn.

Ìbò kan ṣoṣo lèèyàn sì ní, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn olùdíje ló máa bá a wọlé. Ẹni tó dìbò fún Mitterrand nítorí iṣẹ́, ó gba òpin ìdájọ́ ikú mọ́ ọn. Mitterrand fi Robert Badinter ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, lọ́yà tí wọ́n ti bẹ́ orí oníbàárà ẹ̀ kan ní 1972 tóun náà sì wà níbẹ̀, tí kò sì yéé ja ìjà yẹn látìgbà náà. Ní 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, àwọn aṣòfin 363 fọwọ́ sí i, 117 kọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di 9 oṣù kẹwàá, ó ti dòfin.

Bí ohun tó jẹ èèyàn lógún ṣe ń di òfin nìyẹn, kì í sì í sábà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Torí ẹ lọ bi olùdíje èyíkéyìí, gbogbo wọn ló fẹ́ràn òmìnira, gbogbo wọn ló fẹ́ràn ìdọ́gba, ẹbí, iṣẹ́ àṣekára, ààbò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Milton Rokeach, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló sọ ọ́ láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979 pé ohun tó yàtọ̀ láàárín èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ràn, bí kò ṣe èwo ni wọ́n fi ṣáájú èwo. Ó ka iye ìgbà tí òmìnira àti ìdọ́gba jáde nínú ìwé àwọn olóṣèlú, ó ní àwọn sósíálíìsì gbé méjèèjì ga, Hitler tẹ méjèèjì mọ́lẹ̀, Lenin gbé ìdọ́gba lékè òmìnira, Barry Goldwater ní Amẹ́ríkà yí i po. Tí olùdíje bá ń to ohun rere lẹ́sẹẹsẹ fún yín, kò tíì sọ nǹkan kan. Ìgbà tí méjì nínú ẹ̀ bá forí gbárí la máa mọ̀ ọ́n.

Bìrìtéènì 1945 dáa láti wò. Ìjọba fẹ́ máa fún àwọn òbí lówó ọmọ, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ kejì o, torí wọ́n gbà pé ó yẹ kí owó iṣẹ́ baba gbé ọmọ kan. Kò sẹ́ni tó lòdì sí ẹbí níbẹ̀. Ìjà wá dé sórí ọwọ́ ta ni owó náà máa bọ́ sí. Àbá ìjọba kọ ọ́ pé bàbá. Eleanor Rathbone, aṣòfin obìnrin tó ti ń jà fún owó yìí láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé, fárí gá, ó ní tó bá jẹ́ bàbá, òun á dìbò ta ko òfin tóun fúnra òun ti ń bẹ̀ fún látọdúnmọ́dún. Wọ́n ní kí aṣòfin kálukú dìbò bó ṣe wù ú, wọ́n sì yí i sí ìyá. Ìlà kan péré nínú òfin ni o, àmọ́ ìlà yẹn ló sọ ẹni tí ìjọba gbà pé ó ń gbọ́ bùkátà ọmọ. Rathbone kú lóṣù kìíní ọdún 1946, oṣù kẹjọ ni wọ́n tó san owó àkọ́kọ́.

Nǹkan míì tún wà tó máa ń da èèyàn rú, ìyẹn ni pé èèyàn lè di nǹkan kan náà mú kó sì tìtorí ẹ̀ fẹ́ òfin méjì tó ta kora. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí ní 1920, Pauline Sabin, obìnrin olówó kan tó lẹ́nu nínú ẹgbẹ́ Republican, wà lára àwọn tó fẹ́ ẹ, ó ní ayé tí kò sí ọtí á dáa fáwọn ọmọkùnrin òun méjèèjì. Ó wá rí i pé àwọn aṣòfin tó ń dìbò fún òfin yẹn ń mutí lábẹ́lẹ̀, ọmọdé ń dàgbà sínú ayé tí kò sẹ́ni tó ka òfin sí. Ní 1929 ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ láti lé òfin yẹn dànù, ní 1933 wọ́n lé e. Ìfẹ́ ọmọ ló gbé e lọ, ìfẹ́ ọmọ náà ló gbé e bọ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tó rò pé òfin ọ̀hún máa fà. Nítorí náà kò tó kéèyàn mọ ohun tó jẹ olùdíje lógún, ó yẹ ká tún bi í pé báwo ló ṣe rò pé ohun tó fẹ́ ṣe yìí á débẹ̀, tí kò bá sì débẹ̀, kí ló máa jẹ́ kó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí kò sẹ́ni tó polongo ìbò lórí ẹ̀. Ìbò New Zealand ọdún 2017, ọ̀rọ̀ ilé àti omi odò tó dọ̀tí wà lára ohun tí wọ́n fà jù. Ti Sweden ní 2018, ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń wọ̀lú. Kò tó ọdún mẹ́ta, Kòrónà dé, New Zealand ti ẹnu ibodè, wọ́n ní kálukú jókòó sílé, Sweden ní kí àwọn ọmọ kéékèèké máa lọ síléèwé. Àrùn kan náà ni, àwọn dókítà ilẹ̀ méjèèjì ló mọ̀wé. Ohun tí wọ́n fi ṣáájú ló yàtọ̀, olùdìbò kankan ò sì rí i lórí pátákó ìpolongo.

Àwọn kan á wá ní ṣebí irọ́ ni gbogbo olóṣèlú ń pa, kí lèèyàn tún ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Robert Thomson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ìlérí tó lé ní 20,000 wò ní orílẹ̀-èdè 12, wọ́n gbé e jáde ní 2017, àwọn ẹgbẹ́ tó dá nìkan ṣèjọba mú ju ìdajì ìlérí wọn ṣẹ, ó kéré tán lápá kan. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta bá ti kó ara wọn jọ ṣèjọba, torí ìgbà yẹn ni wọ́n á jókòó tira, tí wọ́n á máa ná ara wọn, ìwọ fi tìẹ sílẹ̀ kémi fi tèmi sílẹ̀. Ohun tí kálukú fi sílẹ̀ nídìí tábìlì yẹn sì máa ń wà nínú àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè wọ́n máa ń gbé e síta, èèyàn díẹ̀ ló máa ń kà á.